Súìsì Kékeré Abẹ́ Àga

Odidi ọjọ́ mẹ́ta ni Màmá Wáyà fi ń fa wáyà sínú ọkọ̀ ojú omi funfun kan kí àbúrò rẹ̀ tó dé, tòun ti báàgì kan ṣoṣo lọ́wọ́. Nígbà náà, gbogbo iṣẹ́ tó ń dá ẹ̀yìn ènìyàn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Wáyà pupa tó nípọn tó àtàǹpàkò ti gba abẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀ kọjá, láti ìdí bátìrì dé abẹ́ àga ẹ̀yìn. Ampilifáyà mẹ́rin, ẹ̀rọ tó ń sọ ohùn di ńlá, ti wà lára pákó níbẹ̀, wọ́n tò bí ọmọ ilé ìwé lórí ìlà: ọ̀kan fún àwọn sípíkà iwájú, ọ̀kan fún ti òrùlé, méjì fún àpótí béèsì ńlá méjì, tọ̀tún-tòsì. Gbogbo wáyà dúdú ló parí sí ojú kan, torí bí wọ́n bá fọ́n káàkiri, igbe ẹ́ńjìnnì á máa bá olórin kọrin. Orí wáyà kọ̀ọ̀kan ló fi rọ́bà wé, kí omi iyọ̀ má baà jẹ ẹ́.

Inú ihò tí ènìyàn kò ti lè jókòó, tí kò sì lè dùbúlẹ̀, ló ti ṣe gbogbo rẹ̀.

Ọdún mọ́kànlá ló ti lò ní ọgbà ọkọ̀ yẹn. Olórí àwọn oníná ti fẹ̀yìn tì ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, àga rẹ̀ ṣófo, gbogbo ènìyàn ló sì mọ ẹni tó kàn. Màmá Wáyà náà mọ̀. Àfi ìgbà tí Ọ̀gá tó ni ọgbà pè é, tó ní:

"Ọkọ̀ tèmi yìí ni màá fi yan olórí. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, a ó gbé e jáde, etí mi á sì sọ ẹni tó yẹ fún mi. Mo ti ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ kó wá to ohùn rẹ̀. Wọ́n ní kò sí irú rẹ̀."

"Ẹ ṣé, Ọ̀gá," ni Màmá Wáyà wí. Ẹnu rẹ̀ ló wí i.

Elétí-Ajá ni wọ́n ń pe àbúrò yìí láti kékeré, torí ó máa ń gbọ́ ẹsẹ̀ bàbá wọn láti ìkóríta, kí ẹlòmíì tó rí i. Ìyá kan, bàbá kan ló bí wọn. Nígbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ bàbá, Màmá Wáyà jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọjọ́bọ̀ ni, òjò ń rọ̀. Ó fọ aṣọ ilé ìwé rẹ̀, ó fi í kọ́ sára ìṣó ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, kò sì wọ̀ ọ́ mọ́. Ìgbà tí wọ́n máa já a sílẹ̀, àbúrò ni wọ́n gé e kúrú fún. Àbúrò gbé e wọ̀ lọ sílé ìwé. Ẹ̀gbọ́n ń gbé bátìrì kiri fún oníná kan, ásíìdì jẹ síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ níhò méjì, ọ̀kan lókè orúnkún, ọ̀kan nísàlẹ̀ rẹ̀. Ìgbà tó yá, ó fi ọdún mẹ́rin lọ ilé ìwé alẹ́ pẹ̀lú bàtà tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ti já. Wáyà ló fi dè é. Wáyà àkọ́kọ́ tó dè láyé rẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tí Elétí-Ajá dé lọ́jọ́rú, inú ihò ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà, ó ń de wáyà tó kẹ́yìn mọ́ àpótí béèsì apá òsì. Wáyà funfun méjì tó jọra bí ìbejì ni, ìlà pupa tín-ín-rín kan ṣoṣo ló fi ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Ló bá gbọ́ ẹ̀rín lókè. Ọ̀gá ló ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá tí kò rẹ́rìn-ín fún un rí láti ọdún mọ́kànlá! Ó na ọrùn, ó yọjú láti inú ihò. Elétí-Ajá ń fi ọwọ́ ṣàlàyé nǹkan, Ọ̀gá sì ń mi orí bí alángbá. Ọwọ́ Màmá Wáyà ń de síkúrù nìṣó, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ wà lókè.

Lọ́jọ́ kejì, àbúrò gbé kọ̀ǹpútà lé orúnkún, ó gbé máíkì kékeré kan sí ibi tí orí Ọ̀gá máa wà bó bá jókòó. Ó ń tan ariwo kan tó dà bí òjò lórí páànù, ó sì ń fi ṣóńṣó irin yí ampilifáyà wọ̀nyẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń fi iyọ̀ sọ́bẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sún sẹ́yìn. Ara yín ń mu ohùn."

Atukọ̀ tó ń nu ẹ́ńjìnnì bú sẹ́rìn-ín. "Màmá Wáyà! Wọ́n ní ẹ ti sanra débi pé ẹ ń mu orin!"

"Máa rẹ́rìn-ín," ni Màmá Wáyà wí. "Bọ́mọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà."

"Òótọ́ ni. Àmọ́ a ò gbọ́ ọ rí kí àkísà kọrin."

Elétí-Ajá kò rẹ́rìn-ín. Ó ti gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó kọ etí sí apá òsì, ó sì fa ojú ro. Ó rá wọ abẹ́ àga, ó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀, ó sì jáde.

"Kí ló dé?" ni ẹ̀gbọ́n bi í.

"Kò sí nǹkan, ẹ̀gbọ́n mi."

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Ọ̀gá wá jókòó. Béèsì náà jáde, ó rọra gbá gbogbo wọn láyà, kò ha, kò sì pariwo. Ọ̀gá fọwọ́ sí àyà. "Háà! Ọwọ́ rẹ dára o, Elétí-Ajá!" Kò sọ ohunkóhun nípa wáyà. Ta ló ń yin wáyà? Ẹni tó mu omi kò ní kí wọ́n fi páìpù han òun.

Lọ́jọ́ Ẹtì, àbúrò kò wá, iṣẹ́ rẹ̀ ti tán. Màmá Wáyà nìkan ló wà nínú ọkọ̀. Ó ní òun fẹ́ gbálẹ̀, ṣùgbọ́n kò mú ìgbálẹ̀. Ó ṣí abẹ́ àga, ó tan tọ́ọ̀ṣì, ó sì ń wá ẹ̀ṣẹ̀ kiri bí ẹni ń wá iná orí lórí ọmọ. Ó rí i lóòótọ́! Súìsì kékeré kan wà lára ampilifáyà béèsì kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ó ń yí ìrìn sípíkà padà: èyí tó ń tì síta á máa fà sínú. Sípíkà béèsì méjì gbọ́dọ̀ jọ máa tì, kí wọ́n jọ máa fà, bí ẹni méjì tó jọ gbé ẹrù. Bí ọ̀kan bá ń gbé e sókè tí èkejì ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹrù ò ní kúrò nílẹ̀. Súìsì apá ọ̀tún kọjú sókè. Ti apá òsì kọjú sílẹ̀.

"Ọmọ tó gbọ́ ẹsẹ̀ bàbá láti ìkóríta," ni Màmá Wáyà wí ketekete. Adùn kan gbà á lọ́kàn tí kò mọ̀ ọ́n rí láti ọjọ́ pípẹ́.

Ó lè pe àbúrò rẹ̀. Ó lè tan ẹ̀rọ kó gbọ́ ọ kó tó fọwọ́ kàn án. Kò ṣe méjèèjì. Ó ti súìsì òsì sókè, ó dé abẹ́ àga padà, ó sì lọ sùn bí ẹni tó ti joyè.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, atukọ̀ wa ọkọ̀ jáde, omi dákẹ́ rọ́rọ́. Ọ̀gá jókòó sí ipò rẹ̀. Elétí-Ajá na ọwọ́ láti tan orin.

"Ọ̀gá," ni Màmá Wáyà wí, "ẹ má bínú o. Àṣìṣe kékeré kan wà nínú iṣẹ́ àbúrò mi. Ọmọdé ni, ẹ ò lè bá a wí. Mo ti bá a tún un ṣe."

Ọwọ́ àbúrò dúró lójú òfuurufú. "Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ tún ṣe?"

"Wàá gbọ́ ọ. Tàn án."

Ó tàn án. Orin jáde láti iwájú, ó jáde láti òrùlé, ó ń dún wínríwínrí bí ẹ̀fọn nínú agolo. Béèsì ti lọ. Àpótí ńlá méjì ń mì tìtì níbẹ̀, wọ́n ń gbé ohùn ara wọn mì.

"Kí nìyí?" Ọ̀gá dìde. "Níbo ni ohun tó ń gbá mi láyà níjọ́sí wà?"

"Èmi ni, Ọ̀gá," ni Elétí-Ajá yára wí. "Mi ò ṣàlàyé fún wọn dáadáa. Ẹ jẹ́ kí n..."

Ṣùgbọ́n Màmá Wáyà ti dorí kodò sábẹ́ àga. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí ìdí àpótí apá òsì. Ìlà pupa tín-ín-rín náà wà níbi tó yẹ kí funfun wà. Síkúrù tirẹ̀ ni. Rọ́bà tó fọwọ́ ara rẹ̀ wé ni. Súìsì tó kọjú sílẹ̀ ló ti ń tún àṣìṣe wáyà yẹn ṣe. Ẹ̀rín ọjọ́rú padà sí i létí, ó sì rántí ibi tí ojú rẹ̀ wà nígbà náà.

Àbúrò ti rá wọlé tọ̀ ọ́. "Ẹ kàn ti súìsì náà padà," ló rọra wí. "Ọ̀gá ò ní mọ̀."

"O ti mọ̀ látọjọ́bọ̀?"

"Wáyà kan ṣoṣo nínú gbogbo èyí tẹ́ ẹ fà. Kí ni mo fẹ́ pariwo fún? Mo fẹ́ kí wọ́n fún yín lágà yẹn tán ná, ká tó jọ wá tún un ṣe."

Ìyẹn gan-an ló dùn ún jù. Ó ti jowú etí rẹ̀, ó ti jowú kọ̀ǹpútà, ó ti jowú ẹ̀rín Ọ̀gá. Wàyí o, inúure náà tún wà níbẹ̀ láti jowú.

Ó yọjú síta. "Ọ̀gá, èmi ni mo de wáyà sódì. Òun gbọ́ ọ, ó bò mí láṣìírí. Èmi rí ibi tó ti bò mí, mo sì tú u."

Atukọ̀ ń wo omi bí ẹni tí kò gbọ́ èdè. Ọ̀gá tún jókòó.

"Gbogbo ènìyàn ló lè de wáyà sódì," ló wí. "Àmọ́ ẹni tó yí nǹkan padà láìdán an wò, torí kó lè rí ọ̀rọ̀ sọ, mi ò lè fi í ṣe olórí. Elétí-Ajá, ìwọ ni."

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n mi..."

"Mo ti sọ̀rọ̀."

Màmá Wáyà padà sínú ihò. Ó pa iná, ó tú síkúrù méjèèjì, ó gbé pupa sí àyè pupa, ó dè é, ó sì fi ojú ara rẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Súìsì méjèèjì kọjú sókè. Nígbà tí orin tún jáde, béèsì gbá a láyà láti inú ihò náà, kò sì sí ẹni tó sún mọ́ ọn bíi tirẹ̀.

Ó rá jáde, eruku wà ní orúnkún rẹ̀ méjèèjì. Àbúrò kò lè wò ó lójú.

"Ọ̀gá mi," ni ó wí fún àbúrò, "ṣé aago méje ni ká máa dé lọ́jọ́ Ajé?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́."

"Jẹ́ kí n máa pè ọ́ bẹ́ẹ̀," ni Màmá Wáyà wí, ó ń fi àkísà nu ọwọ́. "Ó ń dùn mí. Mo fẹ́ kó dùn mí tán."