Àgbo Tí Ìyé Ń Fún Mi

Dókítà Ògúnlànà ní ẹ̀dọ̀ mi ń bínú díẹ̀. Ó ní kí n gbọ́ "díẹ̀" yẹn dáadáa. Ó ti yẹ̀ mí wò fún àrùn mẹ́dọ̀wú, kò sí níbẹ̀, síbẹ̀ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kejì ṣì ga ju bó ṣe yẹ lọ.

"Ṣé ẹ máa ń mu ọtí?"

"Rárá o. Ìjọ wa kò fàyè gbà á." Èmi tí mò ń fi ọkọ̀ ojú omi kó èrò ní Ugbonla, ta ló gbọ́ òórùn ọtí lẹ́nu mi rí?

"Àgbo ńkọ́?"

"Ti ìyá mi nìkan, láràárọ̀."

"Kí ni wọ́n fi ń rẹ ẹ́?"

"Ògógóró ni."

Ó wò mí, èmi náà wò ó. Lọ́dọ̀ wa, ọtí tí a bá ti kó gbòǹgbò sí ti di oògùn. Pásítọ̀ wa pàápàá ń mu ún. Dókítà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n jáwọ́ pátápátá, kí n padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, pé ó ṣeé ṣe kó lọ sílẹ̀.

Ó yẹ kí inú mi dùn. Ṣùgbọ́n bàbá mi ló wá sí mi lọ́kàn. Ibà pọ́njúpọ́ntọ̀ ló mú bàbá mi, ikùn wọn wú, wọ́n kú. Bó ti ń le sí i ni Ìyé, ìyá mi, ń bu àgbo yìí kún tiwọn. Lẹ́yìn ìsìnkú ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún èmi náà, kí irú rẹ̀ má baà ṣe mí. Bí mo bá sọ̀rọ̀, Ìyé yóò rò ó dé ọ̀dọ̀ bàbá mi. Bí n kò bá sọ, n ó máa mu ún lọ ni, torí wọn kì í kúrò níwájú mi títí n ó fi gbé e mì.

Mo bá Ìyé nídìí ààrò, wọ́n ń yí ẹja tí wọ́n ń yan.

"Ọlálẹ́yẹ, kí ni wọ́n wí?"

Irọ́ ti wà lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n mo gbé e mì. "Ìyé, wọ́n ní kí n má mu àgbo mọ́. Ògógóró inú rẹ̀ ń yọ ẹ̀dọ̀ mi lẹ́nu, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni."

Wọn kò bá mi jà, bẹ́ẹ̀ oníjà ni mo mọ̀ wọ́n sí. Èéfín ń kó sí wọn lójú, wọn kò nù ún.

"Bàbá rẹ bẹ̀ mí," ni wọ́n wí. "Ó ní kí n má fún òun mọ́. Mo fi ṣíbí la ẹnu rẹ̀ tipátipá."

Mo fẹ́ sọ pé kì í ṣe àwọn ló pa bàbá mi, pé dókítà kò sọ bẹ́ẹ̀. Mo jókòó tì wọ́n, mo ń bá wọn yí ẹja.