Ẹni Tí Wọ́n Fẹ́ Fi Ṣe Sikéépùgóòtù

Ẹlẹ́rìn-ín ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi. Òun ló ń ká aṣọ ní ilé ìfọṣọ kan tó ń bá ọsibítù ńlá fọ aṣọ. Kì í sọ̀rọ̀ kó má rẹ́rìn-ín, ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó sọ eléyìí fún mi, ẹ̀rín rẹ̀ kò pọ̀. Ọ̀rọ̀ obìnrin tó ń lọ aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni, èyí tí wọ́n ń pè ní Má-hunjọ, nítorí pé kò sí aṣọ tó máa gba abẹ́ áyọ́ọ̀nù rẹ̀ kọjá tó tún máa lójú àti hunjọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Má-hunjọ ń dúró de aṣọ. Áyọ́ọ̀nù rẹ̀ ti gbóná, ó ti nu tábìlì, ooru omi gbígbóná sì ti kún iyàrá náà dé àjà. Ẹ̀rọ ńlá tó wà lẹ́bàá ògiri dákẹ́ ariwo. Fóòmáànù, ọ̀gá tó ń darí wọn, ṣí ìlẹ̀kùn rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa aṣọ jáde. Funfun ni wọ́n kó sínú ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ohun tó ń jáde kì í ṣe funfun. Kóòtù dókítà, aṣọ tí wọ́n ń tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì iṣẹ́ abẹ, fìlà nọ́ọ̀sì, gbogbo rẹ̀ pátá ló ti di píǹkì, tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ojú ẹni tí kò sùn.

"Yéè!" ni Ẹlẹ́rìn-ín ké. "A ti sọ àwọn dókítà di ìyàwó tuntun! Ẹ wo kóòtù! Tí wọ́n bá wọ eléyìí dé wọ́ọ̀dù, aláìsàn á ní òun ti kú, òun ti dé ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìgbéyàwó."

Má-hunjọ fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ibi tó ti ń yíjú padà ló ti rí fóòmáànù. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹnu ẹ̀rọ, ó na ọwọ́ dé ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó fa kọ́tìnnì pupa kan jáde, ó fún un, ó sì kì í bọ abẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ikùn rẹ̀ wú lójijì. Omi pupa ń kán sórí bàtà rẹ̀.

Má-hunjọ mọ kọ́tìnnì náà. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni wọ́n jọ lọ rà á. Fóòmáànù yìí ni ọkọ ẹ̀gbọ́n náà, ọmọ ìyá Má-hunjọ kan ṣoṣo tó kù. Kò sì sẹ́ni tí kò mọ òfin ilé iṣẹ́ wọn: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú aṣọ ilé rẹ̀ wá sínú ẹ̀rọ tó ń fọ aṣọ ọsibítù.

Ojú àwọn méjèèjì ṣe mẹ́rin. Fóòmáànù fi ìka lé ètè.

Kò pẹ́ tí Màdáámù tó ni ilé iṣẹ́ náà fi dé. Ọsibítù ti pè é. Wọ́n ní aláìsàn ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì, dókítà kò sì rí aṣọ tó máa wọ̀ wọlé tọ̀ ọ́. Ó fi ìka méjì gbé kóòtù kan sókè bí ẹni gbé òkú eku.

"Ta ló ṣe èyí?"

Àwọn kan ń wo àjà, àwọn kan ń wo ilẹ̀.

"Ó dáa. Ẹ ń bo ara yín. Ó di àárọ̀ ọ̀la. Ẹnì kan nínú yín ni mo máa fi ṣe sikéépùgóòtù, kí àwọn yòókù lè kọ́gbọ́n. Tí mi ò bá rí ẹnì kan, gbogbo yín lẹ máa lọ."

Má-hunjọ ń wo ẹnu fóòmáànù. Ẹnu náà là, ó sì tún padà pa dé. Má-hunjọ ní nínú ara rẹ̀ pé bóyá ojú ló ń tì í láàárín èrò, pé á lọ bá Màdáámù ní kọ́rọ̀. Òótọ́ sì ni. Ó lọ bá a ní kọ́rọ̀.

Nírọ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n Má-hunjọ ránṣẹ́ pè é. Nígbà tó wọlé, ojú fèrèsé wà ní ìhòhò, kọ́tìnnì pupa sì wà lórí okùn lẹ́yìn ilé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ìkangun aṣọ rẹ̀ nu àga fún un kó tó jókòó. Ó ti pẹ́ tí Má-hunjọ ti ń wọ ilé yìí, ẹnikẹ́ni kò nu àga fún un rí. Ara bẹ̀rẹ̀ sí í fu ú.

"Àbúrò mi, ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun. Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ pè mí fún?"

Fóòmáànù wúkọ́. "Àṣìṣe ni, ṣó o mọ̀? Mo rò pé àwọ̀ rẹ̀ kì í jáde."

"Mo mọ̀ pé àṣìṣe ni, bọ̀ọ̀dá. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún Màdáámù."

"Wọ́n á lé mi."

"Bóyá wọn ò ní lé yín. Ẹ ti pẹ́ níbẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sún mọ́ ọn, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ọmọ wà nílẹ̀, àbúrò mi. Gbogbo wọn ló ń wo ọwọ́ bàbá wọn. Ìwọ ńkọ́? Orí rẹ nìkan lò ń gbé kiri. Ta lò ń bọ́?"

Ọ̀rọ̀ náà gún Má-hunjọ láyà. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ yọ.

"Nítorí pé mi ò bímọ, ó wá túmọ̀ sí pé mi ò lórúkọ?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ tán ni."

"Fara balẹ̀ ná," ni fóòmáànù wí. "Wọn ò ní lé ẹ. Mo ti bá Màdáámù sọ ọ́ parí. O kàn máa kúnlẹ̀ níwájú gbogbo wa, o máa ní ìwọ lo ṣe é, o máa tọrọ àforíjì. Wọ́n á gba áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́ ẹ, wọ́n á fi ẹ́ sídìí aṣọ ẹlẹ́jẹ̀ àti gọ́tà. Tó bá yá, èmi fúnra mi á bá ẹ bẹ̀ wọ́n."

Má-hunjọ gbé ife omi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti gbé fún un sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Ẹ ti bá Màdáámù sọ kí ni parí?"

Fóòmáànù ń wo ilẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ ti dárúkọ mi?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló dáhùn. "Kò sí ẹlòmíràn tá a lè dárúkọ rẹ̀. Ẹlòmíràn á bá wa jà. Ọmọ ìyá ẹni ni ẹni ń sá bá."

"Wọn kì í fárí lẹ́yìn olórí!" Má-hunjọ ti dìde. "Ẹ fá tèmi tán, ẹ wá pè mí kí n wá gbá irun rẹ̀!"

"Rọra sọ̀rọ̀, ará ilé ń gbọ́."

"Kí wọ́n gbọ́! Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Ẹ wo ìka mi. Èwo ló ṣẹ̀ níbẹ̀? Tí mo bá kúnlẹ̀ lọ́la, ilé ìfọṣọ wo ló tún máa fún mi ní aṣọ lọ? Iṣẹ́ yìí nìkan ni mo mọ̀, orúkọ yìí nìkan ni mo ní, ẹ sì fẹ́ kí n fi bo ojú fèrèsé yín!"

Kò dúró gbọ́ èsì. Ó jáde, inú rẹ̀ ń hó bí omi ọṣẹ lórí iná. Ó ń dá sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà, àwọn èèyàn ń yà fún un. Ohun tó ń dùn ún jù kì í ṣe pé wọ́n purọ́ mọ́ ọn. Ohun tó ń dùn ún ni pé wọ́n nu àga fún un kó tó jókòó.

Tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì ni aládùúgbò rẹ̀. Má-hunjọ bá a lẹ́nu ọ̀nà, níbi tó ti ń kan ẹsẹ̀ àpótí ìjókòó kan tó ti ń mì.

"Tíṣà, ẹ dákun, kí ló ń jẹ́ sikéépùgóòtù?"

Ọkùnrin náà gbé òòlù sílẹ̀. "Ta ló fẹ́ fi ẹ́ ṣe é?"

"Ẹ ṣáà sọ fún mi."

"Ọ̀rọ̀ náà ti rin ìrìn àjò. Ní ilé ìwé, ẹni tí wọ́n bá nà kí àwọn yòókù lè panu mọ́ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ní ilé iṣẹ́, ẹni tí wọ́n bá di ẹ̀bi ẹlòmíràn rù ni. Ṣùgbọ́n inú Bíbélì ló ti jáde, ìwé Léfítíkù. Òbúkọ méjì ni wọ́n ń mú wá, wọ́n á ṣẹ́ kèké lé wọn. Wọ́n á pa ọ̀kan. Àlùfáà á gbé ọwọ́ méjèèjì lé èkejì lórí, á jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ àwọn èèyàn náà sí i lórí, wọ́n á wá fà á lọ sí aginjù, wọ́n á sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ lédè Hébérù tí àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń bára wọn fà. Àwọn kan ní orúkọ ẹ̀mí kan ni, àwọn kan ní òbúkọ tó ń lọ ni. Ọkùnrin kan tó ń tú u sí Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́ gba ti àwọn tó ní òbúkọ tó ń lọ. Ó mú sikéépù, ìyẹn sísá àsálà, ó mú góòtù, ìyẹn òbúkọ, ó so wọ́n pọ̀. Òbúkọ tó bọ́."

Má-hunjọ sún mọ́ ọn. "Ẹ dúró ná. Èyí tí wọ́n di ẹ̀ṣẹ̀ lé lórí, òun kọ́ ni wọ́n pa?"

"Òun kọ́. Òun lọ láàyè. Èyí tó dúró tì wọ́n ni wọ́n pa."

"Gbogbo ayé ló ń rò pé òun ni wọ́n pa."

"Ayé ń gbàgbé. Ìwọ náà má tíì yọ̀. Wọ́n ní nígbà tó yá, ẹni tó ń fà á lọ máa ń tì í ṣubú láti orí òkè, kó má baà padà wálé."

"Kí ló dé tí wọn ò fẹ́ kó padà?"

"Ta ló fẹ́ kí ẹ̀ṣẹ̀ òun máa jẹ koríko kiri lẹ́nu ọ̀nà òun?"

Má-hunjọ ti fẹ́ wọlé, ó tún yíjú padà. "Àlùfáà yẹn, ẹ ní ó jẹ́wọ́. Ó sọ ọ́ síta?"

"Ní gbangba. Tí kò bá jẹ́wọ́, kí ló wá fẹ́ dì lé òbúkọ lórí?"

"Tiwọn sàn," ni Má-hunjọ wí. "Tiwọn sàn ju tiwa lọ." Ó wọlé, ó ti ìlẹ̀kùn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo òṣìṣẹ́ dúró yí òkìtì aṣọ píǹkì náà ká. Màdáámù wà láàárín, fóòmáànù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì mìíràn.

"Mo gbọ́ pé o lóhun tó o fẹ́ sọ," ni Màdáámù wí.

"Mo ní in, Màdáámù." Kò kúnlẹ̀. "Ẹ ní ẹ fẹ́ ẹnì kan. Mo ti ṣe tán láti lọ. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó ni ẹrù kọ́kọ́ sọ pé òun ló ni ín. Bọ̀ọ̀dá, ẹ sọ ọ́. Ẹ sọ pé kọ́tìnnì iyàrá yín ló wà nínú ẹ̀rọ. Tí ẹ bá lè fi ẹnu ara yín sọ ọ́ níwájú gbogbo wọn, màá gbé e jáde fún yín, ẹ ó sì máa ṣe fóòmáànù yín lọ."

Òógùn bo fóòmáànù. "Orí rẹ̀ ti dàrú, Màdáámù. Ohun tá a jọ sọ lánàá kọ́ nìyí."

"Ẹ gbọ́!" ni Má-hunjọ pariwo. "Kí la jọ sọ lánàá, bọ̀ọ̀dá? Ẹ sọ ọ́ kí wọ́n gbọ́!"

Ẹlẹ́rìn-ín gbé ọwọ́ sókè. "Màdáámù, mi ò rí kọ́tìnnì o. Mo kẹ́yìn sí ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo yíjú padà, mo rí ikùn. Mo rò pé fóòmáànù ti lóyún ni."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín. Màdáámù wo ibi tí ẹ̀rín náà ti wá, ẹ̀rín náà kú. Ó wá wo fóòmáànù, ó wò ó láti orí dé bàtà, ibi tí àbàwọ́n pupa ṣì wà. Gbogbo wọn ló rí i pé ó ti mọ̀. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ lọ sára ẹ̀rọ ńlá náà, èyí tó jẹ́ pé fóòmáànù nìkan ló ń tún un ṣe tó bá dákú, ó sì padà yíjú sí Má-hunjọ.

"Mi ò pe ẹjọ́ síbí. Ọsibítù ń retí èsì mi. Kúnlẹ̀, ká parí ẹ̀."

"Ẹ ti mọ̀, Màdáámù."

"Mo ní kúnlẹ̀!"

"Kúnlẹ̀, àbúrò," ni fóòmáànù sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán."

Má-hunjọ tú okùn aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó bọ́ ọ, ó ká a dáadáa bí ẹni tó ń ká aṣọ oníbàárà, ó gbé e lé orí òkìtì náà.

"Ẹ̀yin lẹ ṣe é, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n, ẹ̀yin náà ni kẹ́ ẹ máa bá a gbé. Mi ò gbé èyíkéyìí jáde nínú rẹ̀ fún yín. Ibikíbi tí wọ́n bá ti bi mí, màá dárúkọ bọ̀ọ̀dá, màá dárúkọ kọ́tìnnì, màá dárúkọ ẹ̀yin náà, Màdáámù. Ẹ máa retí ìròyìn ara yín."

Ó gba àárín wọn kọjá. Kò sẹ́ni tó dá a dúró.

Lẹ́nu géètì ló ti bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Obìnrin náà ti dúró síbẹ̀ láti òwúrọ̀, ó fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ já sí.

"Àbúrò mi, ṣó o ti kúnlẹ̀?"

"Ẹ wọlé lọ, ẹ̀gbọ́n mi. Ilẹ̀ ibi ìkúnlẹ̀ náà ṣì ṣófo. Ẹ lọ bá ọkọ yín kúnlẹ̀ síbẹ̀."

Ó bọ́ sójú títì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pè é. Ó tún pè é, ó pè é ní orúkọ tí ìyá wọn máa ń pè é nígbà tó wà ní kékeré, èyí tí ẹlòmíràn kò mọ̀ láyé yìí mọ́. Má-hunjọ gbọ́ ọ. Ọkọ̀ akẹ́rù kan tó kó pákó kọjá, ó dúró jẹ́ kó lọ, ó sọdá. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé ìtajà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí lọ, ọwọ́ òfìfo rẹ̀ ń jù síwájú, ó ń jù sẹ́yìn, kò sì bojú wẹ̀yìn títí tó fi yà ní kọ́nà.