Bí Wọ́n Ṣe Pín Kànnàkánná ní Ìdí-Igi

Ọ̀sán gangan ni Mùíbátù lá àlá yìí, kì í ṣe òru, ẹnu òun fúnra rẹ̀ la sì ti gbọ́ ọ. Ó ní bí a bá fẹ́ kí a rẹ́rìn-ín, bí a bá fẹ́ kí a má rẹ́rìn-ín, gbogbo rẹ̀ ló ṣojú òun kòró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú òun wà ní dídì nígbà náà.

Kí àlá náà lè yé wa, ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tó sùn lé lórí. Mùíbátù ni ìyàwó kẹta Alhaji Súfíyánù, ẹni tó ń ṣòwò òkúta mábù ní Ìgbẹ́tì. Òkúta ló sọ Alhaji di ọlọ́rọ̀, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù ló gbà á lọ́kàn. Òun ló dá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Kànnàkánná sílẹ̀, àwọn tí jẹ́sí wọn dúdú, tó funfun láyà bíi ti ẹyẹ náà. Alhaji kú ní oṣù méjì ṣáájú, kò sì fi ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀ lórí ẹgbẹ́ yìí. Ìyá Ràfíù tó jẹ́ ìyálé bí ọmọ mẹ́rin fún un. Ìyá Sẹ̀mírátù tó tẹ̀ lé e bí mẹ́ta. Mùíbátù kò bí rárá. Ọdún mọ́kànlá ló fi se oúnjẹ àwọn agbábọ́ọ̀lù náà, òun ló ń fọ jẹ́sí wọn, òun ló sì ń fi omi gbígbóná jó ọrùn ẹsẹ̀ wọn bí ó bá wú.

Ni àwọn aláṣẹ líìgì bá kọ̀wé. Wọ́n ní kí ẹbí mú ẹnì kan ṣoṣo jáde tí yóò fọwọ́ sí ìwé pé òun ló ni Kànnàkánná, ó pẹ́ tán, kó tó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Sátidé, kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, wọn yóò yọ pọ́ìntì mẹ́sàn-án, ẹgbẹ́ yóò já sí líìgì ìsàlẹ̀, àwọn ọmọ náà yóò sì tú ká. Láti àárọ̀ Sátidé ọ̀hún ni ẹbí ti ń ṣèpàdé ní pálọ̀. Bàbá Tìjání, àbúrò Alhaji, ní ìdí-igi ni wọn yóò fi pín gbogbo ohun tí olóògbé fi sílẹ̀: ìyàwó kan tó bímọ, ìpín kan. Ẹni tí kò bímọ kò ní igi níbẹ̀, wọn kò sì pe Mùíbátù. Opó ló sì ń ṣe, kò gbọdọ̀ jáde nílé. Ó kírun ọ̀sán tán, ó fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ẹní, ìbànújẹ́ sì gbé e sùn.

Ohun tó kọ́kọ́ rí ni pé koríko ti hù ní pálọ̀. Àga Alhaji ṣì wà ní àyè rẹ̀, ṣùgbọ́n àárín gbùngbùn pápá ni ibẹ̀ jẹ́ báyìí, níbi tí wọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù. Bàbá Tìjání ń fa okùn tí wọ́n fi ń wọn ilẹ̀ káàkiri. Ó ní ìlàjì tó kọjú sí òkè jẹ́ ti Ìyá Ràfíù, ìlàjì tó kọjú sí ọjà jẹ́ ti Ìyá Sẹ̀mírátù. Mùíbátù kí i pé ẹ kú iṣẹ́. Kò yà á lẹ́nu. Ohun tó ń rò kò ju pé ta ni yóò máa gé koríko yẹn lọ.

Wọ́n wá to àwọn agbábọ́ọ̀lù sílẹ̀ bí ẹní to iṣu, wọ́n sì ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan síbí, ọ̀kan sọ́hùn-ún. Àwọn ọmọ Ìyá Sẹ̀mírátù ń fi àtàǹpàkò tẹ orúnkún àwọn agbábọ́ọ̀lù wò bóyá ó ti rọ̀. Nígbà tó kan bọ́ọ̀lù, Bàbá Tìjání ní kí wọ́n gbé ọ̀bẹ wá. Bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ ló bẹ̀ wọ́n.

"Ẹ má là mí, Bàbá," ni bọ́ọ̀lù wí jẹ́jẹ́. "Afẹ́fẹ́ nìkan ló wà nínú mi, ẹ ò lè rí i pín. Mo lè máa sun ọ̀dọ̀ àwọn tibí lónìí, kí n sun ọ̀dọ̀ àwọn tọ̀hún lọ́la."

Làákàyè bọ́ọ̀lù wú gbogbo wọn lórí, wọ́n sì kọ àdéhùn náà sínú ìwé. Mùíbátù ní bí Alhaji náà ṣe máa ń ṣe nìyẹn nígbà ayé rẹ̀, àfi pé ọjọ́ tó bá kan òun gan-an ni Kànnàkánná máa ń rìnrìn àjò lọ gbá bọ́ọ̀lù, tí Alhaji yóò sì bá wọn lọ.

Mọ́kànlá ni àwọn agbábọ́ọ̀lù. Márùn-ún lọ sápá kan, márùn-ún lọ sápá kejì, ó wá ku Káṣìmáwò tó ń ṣọ́lé. Ọmọ gíga ni, tí apá rẹ̀ gùn, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù mẹ́rin ti gba ọwọ́ rẹ̀ wọlé ní Sátidé tó kọjá. Àwọn ọmọ Ìyá Ràfíù ní àwọn ò fẹ́ ẹ. Àwọn ọmọ Ìyá Sẹ̀mírátù ní àwọn ò bèèrè rẹ̀. Bàbá Tìjání wò ó, ó wo Mùíbátù, ó sì na ọwọ́ sí ẹ̀yìn ìlà.

"Ẹ̀yin tó ṣẹ́kù," ó ní, "ẹ lọ dúró síbẹ̀ yẹn."

Ọ̀rọ̀ náà dun Mùíbátù dé egungun. Síbẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá, ó lọ dúró, ó sì bá Káṣìmáwò ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè.

Bí wọ́n ṣe dúró báyìí ni àwọn àlejò tí wọn yóò bá Kànnàkánná gbá bọ́ọ̀lù wọlé, wọ́n kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà, eré sì bẹ̀rẹ̀. Eré náà kò lọ geere. Kò sí ẹnìkan nínú Kànnàkánná tó fẹ́ tẹ ilẹ̀ ẹlòmíràn. Bí bọ́ọ̀lù bá ré kọjá ìlà, wọn yóò kọ lẹ́tà láti fi bèèrè ààyè lọ́wọ́ àwọn tó nilẹ̀, wọn yóò sì jókòó dúró de èsì. Àwọn àlejò ń gbá bọ́ọ̀lù sílé tó ṣófo, nítorí Káṣìmáwò kò sí nínú ìpín ẹnikẹ́ni. Nígbà tí bọ́ọ̀lù tó wọlé di méje, rẹfirí fi fèrè sẹ́nu, ṣùgbọ́n fèrè kò dún. Ńṣe ni fèrè náà wúkọ́, ó sì ní wọ́n ń pe ẹni tó ni Kànnàkánná ní ọ́fíìsì líìgì. Gbogbo ẹbí ń wo ilẹ̀. Oníkálukú mọ ibi tí tirẹ̀ mọ, kò sẹ́ni tó lè ní òdindi ni tòun. Káṣìmáwò bá di Mùíbátù lọ́wọ́ mú, àwọn méjèèjì sì gbọ̀nà ọ́fíìsì.

Òkè àpáta Ìgbẹ́tì ni ọ́fíìsì náà wà, ó léfòó sófuurufú pẹ̀lú pátákó àti fèrèsé rẹ̀, okùn tí wọ́n fi ń fa omi nínú kànga ni wọ́n fi so ó mọ́ òpó ilé bọ́ọ̀lù kó má bàa bá atẹ́gùn lọ. Wọ́n gun okùn. Ọkàn Mùíbátù kọ́kọ́ gún un nítorí opó tó ń ṣe, ṣùgbọ́n ó rò ó pé ẹsẹ̀ òun kò kúkú kan ilẹ̀, nítorí náà òun kò tíì jáde nílé.

Alága líìgì wọ kóòtù, ó jókòó sídìí tábìlì. Pọ́ìntì mẹ́sàn-án Kànnàkánná wà nínú abọ́ níwájú rẹ̀, wọ́n ṣe roboto, èéfín sì ń rú lórí wọn bíi ti ẹ̀pà sísè. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka òfin. Ní ìlà kejì, etí rẹ̀ gùn. Ní ìlà kẹta, irùngbọ̀n hù. Nígbà tó fi máa kà á tán, òbúkọ ni, ó ti kẹ́nu bọ abọ́. Akọ̀wé obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bá a tún kọ́là kóòtù ṣe, ó sì ń kọ iye tó ti jẹ sílẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," ni Mùíbátù wí, "èyí tẹ́ ẹ ń jẹ yẹn, inú òjò làwọn ọmọ yẹn ti sáré kó o jọ."

"Mo mọ̀," ni òbúkọ dáhùn, ó ń jẹun lọ. "Ìdí nìyẹn tó fi dùn. Ẹ mú ẹni tó ni wọ́n wá, màá dáwọ́ dúró."

Mùíbátù kò mọ ìgbà tí ẹnu rẹ̀ sọ pé, "Èmi nìyí."

Òǹtẹ̀ tó wà lórí tábìlì bá dìde dúró láti fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Ó bi í léèrè orúkọ rẹ̀, ó sọ ọ́. Ó bi í ní orúkọ ọkọ, ó sọ ọ́. Ó bi í pé ìyàwó kelòó ni, ó ní ìkẹta. Òbúkọ ti dáwọ́ oúnjẹ dúró, pọ́ìntì méjì péré ló kù nínú abọ́.

"Ọmọ mélòó lẹ bí?" ni òǹtẹ̀ wí.

Mùíbátù gbọ́ tí okùn kànga ń já ní fọ́nrán kọ̀ọ̀kan. Ó bojú wẹ̀yìn. Àwọn mẹ́wàá yòókù ti gun òkè dé, wọ́n kún ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń bọ́ bàtà wọn kí wọ́n tó wọlé, gẹ́gẹ́ bó ṣe kọ́ wọn. Òǹtẹ̀ ní bí kò bá sí èsì, òdo lòun máa tẹ̀ síbẹ̀, ó sì fò sókè. Omi bọ́ lójú Mùíbátù.

"Àǹtí. Àǹtí Mùíbá."

Ó lajú. Ràfíù, ọmọ ìyálé, ló dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, aṣọ rẹ̀ rún láti ibi ìpàdé. Ariwo Bàbá Tìjání àti ti àwọn yòókù ṣì ń bọ̀ láti pálọ̀.

"Ẹ má bínú pé mo jí yín," ni Ràfíù wí. "Àwọn ọmọ yín ti dé. Wọ́n ní àwọn ń wá jẹ́sí, pé ẹ̀yin lẹ kó wọn pamọ́."

Mùíbátù dìde jókòó. Ó ní "àwọn ọmọ yín" yẹn wọ òun lára. Ràfíù kò mọ ohun tó sọ, ó kàn sọ ọ́ bí gbogbo ilé ṣe máa ń sọ ọ́ ni. Ó gbọ́ wọn níta, wọ́n ń bọ́ bàtà sílẹ̀ lójúde, wọ́n ń bára wọn jiyàn. Inú rẹ̀ dùn, ó sì tún fẹ́ sunkún.

Ó bèèrè ìwé líìgì. Ràfíù ní orí tábìlì ló wà, kò sẹ́ni tó tíì fọwọ́ sí i, aago mẹ́ta sì ti lù. Mùíbátù tún ìró rẹ̀ ró. Nítorí pé wọ́n ti bí Ràfíù kó tó wọlé ọkọ, kì í pe orúkọ mọ́ ọn.

"Dáwódù," ó ní, "ẹ bá mi mú ìwé náà wá, kẹ́ ẹ sì mú bírò dání."

Ràfíù wò ó títí. Ó wo ìta, níbi tí ariwo àwọn ọmọ náà ti ń bọ̀. Lẹ́yìn náà ó yí padà lọ sí pálọ̀, ó sì mú ìwé àti bírò wá fún un.