Ẹsẹ̀ Mẹ́rìnlá Nínú Báàgì Ọmọ́níkẹ́

Ọjọ́ kẹta rèé tí Ọmọ́níkẹ́ ti dé Hua Hin, ìlú afẹ́ kan létí òkun nílẹ̀ Thailand, síbẹ̀ omi òkun ò tíì kàn án lẹ́sẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ ló ń gbé kiri. Mẹ́rìnlá ni wọ́n, tí wọ́n fi bírò yà sórí bébà, tí wọ́n kọ orúkọ sí lára: ti olórí akọrin, ti ìyàwó díákónì, ti Mojọlá tí eegun àtàǹpàkò rẹ̀ yọ síta.

Bùọ̀dá Cornelius, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ló di ẹrù yìí rù ú. Ọkọ ti kú láti ọdún mẹ́rin, ṣùgbọ́n “ìyàwó” ni Bùọ̀dá ṣì ń pè é, iṣẹ́ ìyàwó ló sì ń rán an. Ọdún mọ́kànlá gbáko ni Ọmọ́níkẹ́ ti ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Houston. Gbogbo ìsinmi tó bá gbà, Èkó ló ń gbà lọ, pẹ̀lú ẹrù oníẹrù. Lọ́dún 1986 yìí ló ní ó tó gẹ́ẹ́. Ó gba ọjọ́ méje, ó sì sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé òun ń lọ wo òkun. Ni ìjọ bá bú sẹ́rìn-ín. Yorùbá wo ló ń rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀ láìmú nǹkan bọ̀? Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, Bùọ̀dá ti kó bébà wá bá a nílé rẹ̀ ní Westchase, ó ní wọ́n ní bàtà aláwọ Thailand dára, wọn kì í sì í pẹ́ rán an. Ọmọ́níkẹ́ fẹ́ kọ̀ ọ́. Ẹnu rẹ̀ ló dà á. “Kò burú, sà,” ló jáde.

Bó ṣe di èrò ṣọ́ọ̀bù bàbá oníbàtà kan lẹ́yìn ọjà nìyẹn. Láti àárọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀, ìjókòó ni: kó tọ́ka àwọ̀, kó tọ́ka gìgísẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, nígbà tí bàtà mẹ́rin ti parí, bàbá náà tẹ́ bébà tó kù sílẹ̀, ó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá wo ẹsẹ̀ Ọmọ́níkẹ́. Kò rí èyí tó bá a mu. Ó mú bébà òfìfo kan, ó gbé e síwájú rẹ̀ kó fi ẹsẹ̀ tirẹ̀ lé e.

Inú bí Ọmọ́níkẹ́. Kì í ṣe bàbá náà ló ń bí i nínú, ara rẹ̀ ni. Òun tó ń dá gbé aláìsàn tó wúwo jù ú lọ, kò lè sọ pé rárá fún ẹni tó mú bébà lọ́wọ́! Ó gba bàtà tó parí, ó ki ẹsẹ̀ mẹ́wàá tó kù sí ìsàlẹ̀ àpótí. Bébà ò kúkú ní jẹrà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, wọ́n pè é sí fóònù ìsàlẹ̀ hòtẹ́ẹ̀lì. Bó ṣe gbọ́ ohùn Bùọ̀dá, orúnkún rẹ̀ ti kanlẹ̀. Akọ̀wé hòtẹ́ẹ̀lì ń wò ó tìyanu-tìyanu.

“Ẹ káalẹ́ níbẹ̀ yẹn, sà.”

“Ìyàwó, ó ku mélòó?”

“Ó ku mẹ́wàá, sà.”

“Good. Èèyàn méjì míì ti dé. Mú bírò, kọ size wọn sílẹ̀.”

Ọmọ́níkẹ́ dìde dúró. “Mi ò mú bírò, sà. Mi ò rán bàtà mọ́. Mẹ́rin tó ti parí ni mò ń mú bọ̀.”

“Kí lo wí? Ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù o!”

“Wọ́n tún ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ọmọ ni mí, sà.”

“Má wulẹ̀ retí mi ní airport o!”

“Ẹ má ṣèyọnu. Taxi wà.”

“Kí wá lo lọ ṣe níbẹ̀ gan-an?”

“Òkun ni mo wá wò. Mo sọ fún yín, ẹ̀rín lẹ rín.”

Ó rọra gbé fóònù sílẹ̀. Ó mọ̀ pé kóun tó délé, gbogbo ìjọ á ti gbọ́, wọ́n á sì ti sọ òun di aláìlẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀rù bà á, ó sì gbé ẹ̀rù náà rìn dé etí òkun. Ó wọ inú omi tòun tìró. Ìgbì kan gbá a láyà, iyọ̀ kún un lẹ́nu, ó sì bú sẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn òyìnbó tó ń yáàrùn fi yíjú wò ó. Kò wo ọ̀dọ̀ wọn. Ìgbì mìíràn ti ń bọ̀, ó sì ti fẹsẹ̀ rinlẹ̀ dè é.