Ọta fún Béárì Àfonífojì

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Delmar fi ń fi orúkọ sínú ìbò muusi. Muusi ni ẹran ńlá tó ń jẹ ewé létí odò, tó ga ju ẹṣin lọ, tí ìwo rẹ̀ tẹ́ rẹrẹ bí àtẹ. Ní Wyoming, ẹnikẹ́ni kò lè ṣàdédé pa á. Ìjọba ní í fa orúkọ yọ, ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá sì jáde, òun nìkan ló ni àṣẹ láti pa á. Kò lè fún ọmọ, kò lè fún ẹbí. Ká ní àfonífojì kékeré ni Delmar tọrọ ni, ọdún keje ni ì bá ti jẹ ẹran rẹ̀ tán. Ó ní rárá, àfonífojì tó dára jù lọ ni òun ń fẹ́, bí béárì, ẹranko onírun ńlá tó lè pa èèyàn, tilẹ̀ pọ̀ níbẹ̀. Ó dúró, ó dúró, títí orúkọ fi jáde. Nígbà náà ó ti di ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin, ọwọ́ rẹ̀ sì ń gbọ̀n bí ewé tí atẹ́gùn ń fẹ́.

Verna ìyàwó rẹ̀, ẹni tí kì í fọ abọ́ kan ṣoṣo láìkọrin sí i, kò bá a jà.

"Gbọ́, àgbàlagbà," ló wí. "Béárì àfonífojì yẹn mọ ìró ìbọn bí ọmọ iléèwé ṣe mọ agogo oúnjẹ, á sáré wá gba ẹran. Ìbọn gígùn tó o máa fi pa muusi, wàá rí igi gbé e lé. Béárì ò ní dúró kó o wá igi. Tí ìbọn ìléwọ́ ò bá ti gbọ́ tìẹ, o ò lọ."

Delmar gbà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Cletus tí wọ́n jọ máa ń lọ ti wà nínú ilẹ̀ láti èṣí, orúnkún Verna kò sì gba òkè mọ́. Òun nìkan ló máa lọ.

Nígbà tí òun àti Verna dé ilé ìtajà ìbọn, Rusk tó ni ibẹ̀ kó ọta sórí káńtà.

"Ọ̀gá Delmar, ẹ wo èyí. Ẹnu rẹ̀ ní kòtò. Tó bá wọ ara, á là bí òdòdó. Olè tó bá wọlé ni wọ́n ṣe é fún. Ti béárì, inú ọ̀rá ló máa parí sí." Ó ti òmíràn síwájú. "Òjé líle rèé, ẹnu pẹlẹbẹ. Èyí ò là ní tiẹ̀. Egungun ló ń gbà kọjá."

"Òun ni mo fẹ́."

"Ìbọn tó ń yìn ín ló le."

"Èmi náà le nígbà kan."

"Nígbà kan lo wí," ni Verna dá a lóhùn, ló bá bú sẹ́rìn-ín.

Rusk kó ìbọn ìléwọ́ mẹ́ta dání, ńlá, àárín àti kékeré, wọ́n sì lọ sẹ́yìn ilé, níbi tí Rusk ti gbé àwo páńù kọ́ sórí igi ní ìṣísẹ̀ méje. Verna ní orin kan ni òun máa kọ. Kí orin tó tán, kí ọta mẹ́ta wà nínú àwo. Béárì tó ń sáré kì í fún èèyàn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

"Béárì yọ lókè, béárì yọ lódò,
ta ló dúró lọ́nà tó ní kó má bọ̀?"

Ìbọn ńlá ni Delmar kọ́kọ́ mú. Ó ta sókè lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹṣin tí oyin ta, ọta sì wọ yanrìn. Orin tán kó tó rí ìkejì yìn. Ó mú kékeré. Èyí kò ta, ó yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n ọ̀kan péré ló ha etí àwo.

"Ọta tìyẹn náà ti kéré jù," ni Rusk wí jẹ́jẹ́.

Ó ku ti àárín. Delmar kò bẹ̀bẹ̀. Ó kàn wo Verna lẹ́ẹ̀kan, ó sì gbé ìbọn sókè.

Verna bẹ̀rẹ̀ orin. Nígbà tó dé "dúró," ọ̀fun rẹ̀ fa ọ̀rọ̀ náà títí, ó gùn tó àkókò tí èèyàn fi lè so okùn bàtà méjèèjì. Delmar yìn, ó mí. Ó yìn, ó mí. Ó yìn. Ihò mẹ́ta jókòó nínú àwo bí ẹyin nínú ìtẹ́. Rusk pàtẹ́wọ́.

Delmar yọ ọta tó kù, ó fi ìbọn lélẹ̀.

"O fà á, Verna."

"Mo fà á."

"Ọdún méjìlélógójì tí mo ti ń gbọ́ ẹ, o ò fa orin rí."

"Mi ò fà á rí."

"Béárì wo ló máa bá mi fà á?"

Verna mú ìbọn nílẹ̀, ó gbé e fún Rusk.

"Ẹ ṣì lè máa wá dánra wò," ni Rusk wí. "Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà."

"Ọwọ́ yìí kì í yá sí i, ọmọ mi. Tòní ló dára jù nínú èyí tó kù."

Rusk bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ọta padà sínú páálí. Verna ló wa ọkọ̀ lọ sílé. Nígbà tí wọ́n dé oríta, Delmar ní kó gba ọ̀nà ìsàlẹ̀, èyí tí èèyàn kì í ti ibẹ̀ rí òkè tó yí àfonífojì náà ká.