Bàtà Tí Wọ́n Lẹ̀ Mọ́ Ìrun Bàbá Mi

Kin, kin-kin. Kin, kin-kin. Bẹ́ẹ̀ ni òòlù kékeré bàbá mi máa ń dún lórí òkúta lántànà láti àárọ̀ títí oòrùn yóò fi ga. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí mo ti kúrò ní Ìlọrin. Kùmásì ni mo wà báyìí, létí ọjà tí ariwo ọkọ̀ kì í ti í dá, síbẹ̀ bí mo bá jókòó jẹ́ẹ́, mo ṣì ń gbọ́ ọ. Inú mi á kọ́kọ́ dùn. Lẹ́yìn náà ni inú á bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi, nítorí ohùn kejì máa ń tẹ̀ lé e: krrr, krrr, ohùn kámẹ́rà tí wọ́n ń fọwọ́ yí. Àwọn ọmọ mi ní kí n gbàgbé. Mo ní ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ ná.

Mọ̀múdù ni bàbá mi ń jẹ́, alálántànà, ẹni tó ń fi òkúta ṣe ìlẹ̀kẹ̀, lẹ́yìn àdúgbò Gàmbàrí. Àwọn oníṣòwò a máa kó òkúta pupa wá fún òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láti òkè Ọya. Wọn á fọ́ ọ wẹ́wẹ́, wọn á lu ihò sí i, wọn á lọ̀ ọ́ lórí ọlọ títí yóò fi dán bí ojú ẹyẹlé, kó tó di ìlẹ̀kẹ̀. Ilé-ìwé ìjọba ni èmi Táòfíkì wà nígbà náà, mo sì ti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀.

Òyìnbó kan dé sílé-ìwé wa lọ́dún náà. Kì í ṣe aláṣẹ. Ilé-iṣẹ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù ló rán an wá ya àwòrán tí ń rìn, èyí tí àwọn ará Gàmbàrí ń pè ní májígí. Irùngbọ̀n rẹ̀ pọ́n bí epo tuntun, Onírùngbọ̀n la kúkú ń pè é. Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ki fíìmù bọ inú kámẹ́rà, àti bí wọ́n ṣe ń yí ọwọ́ rẹ̀ láìyára, láìfalẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní:

"Táòfíkì, mo fẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ fún fíìmù kan nípa Ìlọrin. Ìwọ ni kí o rò ó, ìwọ ni kí o yà á. Bó bá dára, orúkọ rẹ ni yóò wà níwájú rẹ̀."

Iṣẹ́ bàbá mi ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n fíìmù ìgbà yẹn kò ní ohùn. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ fi kin-kin òòlù han ẹni tí kò ní í gbọ́ ọ? Mo ń fi èédú ya onírúurú nǹkan sára ògiri ẹ̀yìnkùlé, mo ń pa á rẹ́, nígbà tí ìyá mi, Hajarat, bá mi níbẹ̀. Ẹlẹ́hàá ni ìyá mi, kì í jáde síta, ilé yẹn sì ni gbogbo ayé rẹ̀.

"Táò, kí ni ògiri mi ṣe ọ́?"

"Ìyá mi, mò ń wá bí ojú ṣe lè gbọ́ ohùn ni."

"Áà! Ìwé ti yí ọmọ yìí lórí." Ó gbé igbá omi tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀ lẹ́bàá irin tí bàbá mi ń fọ́ òkúta lé, ó bá tirẹ̀ lọ, ó ń rẹ́rìn-ín.

Mo wo igbá náà. Bí òòlù bá ti balẹ̀, omi inú rẹ̀ á gbọ̀n, á pa òrùka róbótó, òrùka náà á sì máa fẹ̀ lọ sétí igbá. Mo pariwo. Ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù mi nìyẹn! Omi tí ń gbọ̀n nìkan, kí èèyàn máa rò ó pé kí ló ń mì ín. Lẹ́yìn náà, ọwọ́ bàbá mi. Lẹ́yìn náà, ìlẹ̀kẹ̀ tó ti parí, tí wọ́n gbé sókè kí oòrùn gba inú rẹ̀ kọjá.

Bàbá mi gbà, ṣùgbọ́n ó ní nǹkan kan.

"Ọwọ́ mi ni kí o yà. Ojú mi, rárá o. Àwọn àáfà ò tíì fẹnu kò lórí àwòrán yìí, mi ò sì fẹ́ kó ẹjọ́ dé ọ̀run. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Bàbá."

"Búra."

"Wàláhì."

"Ó dáa. Wá máa lọ ata rẹ."

Ata ni ó pe kámẹ́rà nítorí bí mo ṣe ń yí i. Onírùngbọ̀n wá jókòó sórí àpótí lọ́jọ́ náà, ó ń wò mí. Mo ya omi, mo ya ọwọ́, mo ya ìlẹ̀kẹ̀. Wọ́n pe ìrun Àsárì. Mo fi kámẹ́rà sílẹ̀ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́ta, mo ṣe àlùwàlá, mo dúró lẹ́yìn bàbá mi lágbàlá. Kò sí nínú èrò mi rárá pé ẹnikẹ́ni lè ṣe nǹkan kan níwájú ẹni tó ń kírun. Nílé wa, ọmọ tó ń rá gan-an, wọn á gbé e kúrò kó má baà gba iwájú ẹni tó wà lórí ẹní.

A forí kanlẹ̀. Mo gbọ́ ọ: krrr, krrr, krrr. Níwájú wa gan-an.

Iwájú orí mi wà lórí ẹní. Bàbá mi tó ń ṣe imáàmù kò tíì gbórí sókè, èmi náà kò gbọdọ̀ gbé e. Mi ò lè sọ̀rọ̀, mi ò lè dìde, mi ò lè juwọ́. Mo ń pe orúkọ Ọlọ́run. Kò sí ìbínú tí mo tíì bí láyé yìí tó tó ti orí ẹní yẹn.

Bí a ṣe sálámà tán ni mo fò dìde, mo kọjú sí Onírùngbọ̀n. "Kí lẹ ṣe yẹn?"

"Mo kàn ń dán ẹ̀rọ wò ni. Màá dà á nù."

Bàbá mi bi mí pé kí ló wí. Mo túmọ̀ rẹ̀. Ó wo Onírùngbọ̀n títí. "Sọ fún un pé mo gbọ́."

Fíìmù wọ ọkọ̀ òkun lọ sí Lọ́ńdọ̀nù kí wọ́n lè fọ̀ ọ́. Òjò rọ̀, òjò dá, kó tó padà dé. Onírùngbọ̀n fún mi ní sáàsì àti gọ́ọ̀mù, ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gbé e sójú fèrèsé, tí wọ́n ń gé e, tí wọ́n ń lẹ̀ ẹ́. Mo to omi, mo to ọwọ́, mo to ìlẹ̀kẹ̀. Ó dùn mọ́ mi débi pé gọ́ọ̀mù gbẹ sí mi níka, mi ò fọ̀ ọ́. Onírùngbọ̀n ní ó dára. Ó ní kí òun bá mi tún un ṣe díẹ̀.

Wọ́n fi ẹní dí fèrèsé kíláàsì lọ́sàn-án ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ fi í hàn. Àwọn òyìnbó jókòó níwájú, àwa ọmọ ilé-ìwé wà lẹ́yìn. Orúkọ mi kọ́kọ́ jáde lára ògiri, gàdàgbà. Àwọn ẹgbẹ́ mi hó.

Mò ń retí omi. Kò sí omi. Ọwọ́ bàbá mi yọ fìrí, ó lọ. Bàbá mi ló kù, lórí ẹní, tó forí kanlẹ̀, èmi lẹ́yìn rẹ̀. Ó gbójú sókè, gbogbo ojú rẹ̀ kún ògiri. Kí n tó mí, bàtà aláwọ dúdú kan sọ̀ kalẹ̀ látinú reluwé, ó ń dán yanran. A tún forí kanlẹ̀. Bàtà tún gbésẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ojú òyìnbó tó ni bàtà náà, ẹni tí mi ò rí rí, yọ, ó ń rẹ́rìn-ín, ó gbọ́wọ́ sókè bí ẹni tó ń gba ìkíni.

Àwọn òyìnbó pàtẹ́wọ́. Ọmọ kíláàsì mi kan, Àbdùlkàrímù, ké láti ẹ̀yìn: "Táò! Ṣé bàtà náà dá yín lóhùn?" Ẹ̀rín bú.

Mo bá Onírùngbọ̀n nídìí ẹ̀rọ rẹ̀.

"Omi mi dà?"

"Ta ló fẹ́ wo omi inú igbá ní Lọ́ńdọ̀nù?"

"Bàbá mi ń kírun! Ilé wa ló wà! Ẹni yẹn kò débẹ̀ rí!"

"Èmi pẹ̀lú rẹ la mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun méjì tí o bá gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ojú á so wọ́n pọ̀ fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ wa nìyẹn." Ó fọwọ́ lé mi léjìká. "O ní ojú iṣẹ́ yìí. Mò ń lọ sí Èkó lọ́la. Tẹ̀ lé mi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, wàá di ẹni tó ń gé fíìmù. Fi wáyà ránṣẹ́ sí mi kí ọkọ̀ tó ṣí."

Ohun tó tún bí mi nínú jù ni pé mo fẹ́ lọ. Mo fẹ́ ẹ bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ.

Ọ̀rọ̀ ti gba ọjà Ipata délé kí n tó dé. Bàbá mi ń fọ́ òkúta, kò gbójú sókè.

"Ojú mi hàn?"

"Ó hàn, Bàbá."

"Mo ti mọ̀ látọjọ́ tó ní òun ń dán ẹ̀rọ wò. Wọ́n tún ní mo dọ̀bálẹ̀ fún òyìnbó. Òyìnbó wo? Ibo ni mo ti rí i?"

Mo ṣàlàyé sáàsì àti gọ́ọ̀mù fún un, mo sì sọ pé Onírùngbọ̀n fẹ́ mú mi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Òòlù rẹ̀ balẹ̀, òkúta tó dáa gan-an là sí méjì. Mi ò rí irú rẹ̀ rí lọ́wọ́ bàbá mi.

"Ó fi gọ́ọ̀mù lẹ ìrun mi mọ́ bàtà," ó ní, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Ìyá mi sọ̀rọ̀ látẹ̀yìn aṣọ ẹnu ọ̀nà: "Ó sì ní kí ọmọ wa wá kọ́ ọ! Kó lọ, kó bá wọn lẹ tèmi náà mọ́ kẹ̀tẹ́kẹ̀tẹ́!"

"Hajarat, fi ọmọ sílẹ̀. Táòfíkì, mi ò ní sọ pé má lọ. Ṣùgbọ́n òyìnbó yẹn kò tíì gbọ́ èsì ohun tó ṣe yìí látẹnu ẹnikẹ́ni nílé yìí. Ìwọ lo gbọ́ èdè rẹ̀."

Ó mú ìdajì òkúta náà, ó tún bẹ̀rẹ̀. Kin, kin-kin.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ sí ilé wáyà, níbi tí wọ́n ti ń tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sọ́nà jíjìn. Gàní, akọ̀wé ibẹ̀, aládùúgbò wa ni. Ó ka ohun tí mo kọ lédè Gẹ̀ẹ́sì sí Onírùngbọ̀n, ó yọ gíláàsì rẹ̀.

"Àbúrò, òyìnbó lò ń kọ̀wé sí o. Fi 'Ọ̀gá mi ọ̀wọ́n' bẹ̀rẹ̀ rẹ̀."

"Rárá, ẹ̀gbọ́n."

"Fi 'ẹ jọ̀ọ́' kan há a láàárín."

"Ẹ̀gbọ́n Gàní, ẹ má gé e, ẹ má sì lẹ nǹkan kan mọ́ ọn. Bó ṣe wà yẹn ni kí ẹ tẹ̀ ẹ́."

Ó gbé ọwọ́ lé irin ìtẹ̀ wáyà rẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà:

MI Ò BỌ̀. Ẹ GÉ ORÚKỌ MI KÚRÒ. BÀBÁ MI KÒ FORÍ BALẸ̀ FÚN YÍN. TÁÒFÍKÌ ỌMỌ MỌ̀MÚDÙ.