Orúnkún Tí Kò Kanlẹ̀

Bí ìyàwó ilé bá ń kí ìyálé láàárọ̀ ní agbo ilé Ògúndélé n'Ìkẹ́rẹ́, orúnkún méjèèjì ló gbọ́dọ̀ kanlẹ̀. Kì í ṣe kí a kàn tẹ̀ díẹ̀ bí ọmọ ilé ìwé o, kanlẹ̀ ni mo wí. Obìnrin tí tirẹ̀ kò bá kanlẹ̀, agbéraga ni, ẹnikẹ́ni ò sì ní bi í léèrè ohun tó fà á. Agbéraga yìí náà ni wọ́n pe Ìbíwùmí, ẹni tí kò gbéraga rí láyé rẹ̀, àfi bí ẹ bá ka ti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí rẹ̀, tó gbà pé kò lẹ́gbẹ́ láti Ìkẹ́rẹ́ dé Èmùré.

Ọdún kejì tí SAP ìjọba dé, tí ohun gbogbo wọ́n gógó, ni oríkèé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ìka ló kọ́kọ́ mú, ó gba ọrùn ọwọ́, ó sì sọ̀kalẹ̀ sí orúnkún. Bó bá jí láàárọ̀, gbogbo ara rẹ̀ a le gbagidi, ọ̀sán a fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ́n kó tó lè fọwọ́ dì mọ́ ṣíbí. Ọkọ rẹ̀ ti kú nígbà náà, Ọmọ́tọ́lá, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, sì ń ṣe tíṣà n'Ìbàdàn. Ìbíwùmí ò sọ fún ẹnì kan. Ó ti gbọ́ ohun tí ayé ń sọ nípa obìnrin tí ìka rẹ̀ bá ká kò: wọ́n ní àjẹ́ ni, iṣẹ́ òru ló ń ṣe. Ó ń fi ìró gígùn bo orúnkún, ó ń rọra rìn, àwọn aráalé sì ní ó ń yan.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà dun jù ni Yèyé Gbádégẹṣin, ìyálé àgbà. Yèyé yìí ló wẹ Ọmọ́tọ́lá lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, òun ló sì kọ́ Ìbíwùmí ní ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tí à ń wí yìí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Yèyé ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀ pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ọ̀pá àṣẹ tó máa ń wà lọ́wọ́ ìyálé àgbà ilé náà, Ìbíwùmí sì wà níwájú ilé.

"Ẹ káàárọ̀, Yèyé," ni Ìbíwùmí wí. Ó fẹ́ kúnlẹ̀, orúnkún kọ̀. Ó tẹrí ba lórí ìdúró.

Yèyé dúró díẹ̀, ó dẹ etí, ó sì kọjá láìdáhùn. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó sọ ọ́ kí gbogbo agbo ilé lè gbọ́: "Ìyàwó tí mo fọwọ́ mi mú wọ ulé yìí ti dàgbà jù mí lọ."

Lọ́jọ́ kejì, Ìbíwùmí ti ilẹ̀kùn yàrá, ó ní òun á dán an wò, bóyá ó lè bọ́ sí i. Ó di ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mú, ó kúnlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n dídìde kò ṣeé ṣe. Orí ilẹ̀ ló wà títí oòrùn fi yí, tó ń gbọ́ bí àwọn aráalé ṣe ń rẹ́rìn-ín lóde, kò sì pe ẹnì kankan. Láti ọjọ́ náà ló ti ń fi ara pamọ́. Ó ní òtútù ń mú òun, ó ti fèrèsé pa. Bó bá fẹ́ pọn omi, ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà kí ilẹ̀ tó mọ́. Iṣu ẹnì kan ló ń sè. Bí ẹni tó ń ka ìròyìn lórí rédíò bá ní ẹ kú alẹ́, Ìbíwùmí a dá a lóhùn, nítorí pé kíkí yẹn nìkan ló kù tí kò bèèrè ìkúnlẹ̀.

Ó lé ní ọdún mẹ́ta tó ti wà báyìí kí Ọmọ́tọ́lá, tí àìsí owó ọkọ̀ ti dá dúró, tó wálé fún Kérésì, tó rí ọwọ́ ìyá rẹ̀, tó sì bú sẹ́kún. Ó gbé e lọ sí ọsibítù l'Adó. Dókítà Fálẹ́yẹ, tí kò tíì pẹ́ tó ti òkè òkun dé, gba ẹ̀jẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí Ìbàdàn. Nígbà tí èsì dé, wọ́n padà lọ.

"Màmá, kì í ṣe làkúrègbé òtútù ló ń ṣe yín," ni Dókítà wí. "Ara yín ló ń bá oríkèé yín jà. Ohun mìíràn tún wà. Fítámínì D inú ẹ̀jẹ̀ yín ti lọ sílẹ̀ jù. A máa ń rí i bẹ́ẹ̀ lára àwọn tó ní àìsàn yìí, ṣùgbọ́n tiyín burú. Oòrùn ló ń jẹ́ kí ara rí i, bẹ́ẹ̀ Ìkẹ́rẹ́ lẹ̀ ń gbé, kì í ṣe ìlú òyìnbó. Ṣé ẹ kì í jáde ni?"

"Mo máa ń jáde," ni Ìbíwùmí wí. Ọmọ́tọ́lá, tó ti rí fèrèsé yàrá tí ìyá rẹ̀ tì pa, wo ilẹ̀.

Dókítà fún un ní oògùn ìwúlé. Ó ní fítámínì oníhóró náà ti di ohun àwátì, kó máa yá oòrùn ní tirẹ̀. "Oòrùn ò ní wo àìsàn yìí sàn, mi ò ní parọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n egungun yín ò lè ṣe láìsí i. Ẹ ká aṣọ sókè láràárọ̀, kí oòrùn rí apá àti ẹsẹ̀ yín."

Ibi tí wàhálà wà nìyí: ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì aládùúgbò ti fi òjìji bo ẹ̀yìnkùlé. Iwájú ilé nìkan ni oòrùn àárọ̀ ń dé, iwájú ilé náà sì ni Yèyé ń gbà bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì. Kí Ọmọ́tọ́lá tó padà s'Ìbàdàn, ó gbé àga kan síbẹ̀.

"Ṣé kí n gbé èkejì?" ni ó bèèrè.

"Ta ni yóò jókòó lé e?" ni ìyá rẹ̀ fèsì.

Ìbíwùmí jáde. Ó ká ìró kọjá orúnkún, ojú ń tì í bí ẹni tó wà ní ìhòòhò. Yèyé ń bọ̀, ọ̀pá rẹ̀ ń kan ilẹ̀. Ìbíwùmí kí i láti orí àga, Yèyé kọjá. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́jọ́ kejì, àti lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Oòrùn ń wọ ara, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ṣókùnkùn, ó sì ti pinnu pé bí ọ̀sẹ̀ náà bá parí, òun yóò wọlé, kí egungun máa ṣe bó ti fẹ́.

Ọjọ́ Sátidé ni Yèyé dúró.

"Ohùn ìyàwó a máa ti ulẹ̀ wá," ni ó wí. "Tìrẹ ń ti òkè bọ̀. Kí ni mo fi ṣe ọ́?"

Ìbíwùmí di àga mú, ó fẹ́ kúnlẹ̀ kódà bí yóò bá kú sórí ilẹ̀. Yèyé na ọwọ́ síwájú, ó ń wá èjìká rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́. Orí orúnkún ló bà lé, orúnkún tó wú, tó gbóná bí iṣu tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ó dúró síbẹ̀. Ó fọwọ́ wá èkejì. Ó wá ọwọ́ Ìbíwùmí, ó ń tọ ìka rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Ìgbà wo lèyí bẹ̀rẹ̀?"

"Kí ẹ tó bínú sí mi ni, Yèyé. Ṣé ẹ ò rí i bí mo ṣe ń rìn?"

"Mi ò ríran," ni arúgbó náà wí. "Ó ti pẹ́. Òjìji nìkan ni mò ń rí. Mi ò sọ fún ẹnì kan, kí wọ́n má baà gba ọ̀pá ulé lọ́wọ́ mi. Etí ni mo fi ń mọ ẹni tó kúnlẹ̀."

Ohun tó ń ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́yà ló ń ṣe. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín àwọn méjèèjì ní gbogbo ọdún náà.

"Ẹ jẹ́ n gbé àga wá," ni Ìbíwùmí wí, ṣùgbọ́n kò lè dìde, Yèyé ò sì lè rí ibi tí àga wà. Nígbà tó ṣe, Yèyé fi ọ̀pá lélẹ̀, ó jókòó sórí ilẹ̀ lásán lẹ́bàá ẹsẹ̀ ìyàwó ilé. Ìbíwùmí ń sunkún nítorí ọdún tó ti lọ, tí ẹnikẹ́ni ò lè dá padà fún wọn.

"Kí mi," ni Yèyé wí.

"Ẹ káàárọ̀, Yèyé."

"O ò jíire bí, Ìbíwùmí?"